Ẹnu Bàbá

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjà ẹja Kado, l'Ábújá.
Mọ́tò Ìgbókòdá pẹ́ dé; táyà bẹ́ mọ́ wọn lábẹ́ ní Lókòjá.
Yìnyín ti yọ́ dé ìdajì kúlà,
àwọn ẹja tó wà lókè ń fi ojú funfun wo ọ̀run.

Mo mú ọ̀kan. Kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ ń dán bí ṣíbí tuntun,
irùngbọ̀n mẹ́fà lẹ́nu, ẹ̀gún mẹ́ta tó le ju abẹ́rẹ́ dókítà lọ.
Àwọn oníbàárà mi ń pè é ní ọ̀bọ̀kún. N kì í bá wọn jiyàn.
Ọ̀bọ̀kún gidi, omi dídùn ni tirẹ̀;
eléyìí, ibi tí odò ti ń bá òkun du ilẹ̀ ló ń gbé,
níbi tí omi kò ti dùn, tí kò sì tíì di iyọ̀,
tó jẹ́ pé bí o bá bù ú mu, ahọ́n rẹ á kọ́kọ́ ronú ná.

Múntárì, ọmọ Yàúrì, ló ń bá mi la ẹja.
Odò Ọya ló tọ́ ọ dàgbà; ẹja tí kò mọ̀ kò pọ̀.
Ó ki ìka bọ ẹnu eléyìí, ó fa ọwọ́ yọ kíá.
"Màmá, ẹ wò ó. Ó ń jẹ ọmọ rẹ̀."

Ẹyin. Pupa rúsúrúsú, wọ́n tóbi ju hóró àgbàdo lọ,
wọ́n kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ fọn fèrè.
Mo kà wọ́n: mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ọ̀kan já bọ́, ológbò ti gbé e.

"Kò jẹ wọ́n," mo ní. "Akọ ni. Bàbá wọn ni.
Ìyá yé wọn, ó bá tirẹ̀ lọ; bàbá kó wọn sẹ́nu,
oúnjẹ kò ní kan eyín rẹ̀
títí ẹyin yóò fi di ọmọ, tí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n wẹ̀.
Oṣù kan, nígbà mìíràn méjì.
Edé á sì máa kọjá níwájú imú rẹ̀."

Múntárì dákẹ́. Ọjọ́ kọkànlá azumi ni,
ètè òun náà ti gbẹ, ó funfun bí ẹlùbọ́ láfún.
"Ó ń gbààwẹ̀," ó ní. Nígbà tó ṣe:
"Ìgbà wo ni ì bá ṣínu?"

N kò rí nǹkan sọ.
Ìyáàfin kan láti Gwarinpa ń bèèrè pé èló ni orí.

Nílé wa létí òkun, kí omi tó gba ilé náà,
bàbá mi a máa pín púpurú fún wa, ọmọ mẹ́sàn-án,
á wá fi ìka nu etí ìkòkò.
"Ẹ̀yin ẹ jẹun. Mo ti jẹ tèmi lójú omi."
Kí ló jẹ lójú omi?
Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó bi ara mi.
Àwọ̀n kì í ṣe àkàrà.

Mo gé orí ẹja fún ìyáàfin. Mo gbowó.
Múntárì ti bu omi sínú abọ́ ike, ó ti kó ẹyin sí i,
ó ń fi ìka mẹ́ta wọ́n iyọ̀ lé e lórí.
Kò lè tọ́ ọ wò, nítorí ààwẹ̀.
"Màmá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?"

Ẹyin tó ti kú sínú yìnyín kí mọ́tò tó kọjá Àkúrẹ́.
Mo ki ìka bọ omi náà, mo lá a.
"Fi díẹ̀ sí i," mo ní.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́, ó jẹ dàbínù, ó mu omi,
ó wá páálí kan, ó fi bo abọ́ náà.
Mo pe bàbá mi. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ nínú fóònù, ohùn ń já.
"Mo ti jẹun o," ó ní,
kí n tó kí i tán.