Ẹní Ogójì

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Lẹ́nu ọ̀nà tiwa, nísàlẹ̀ Agbeni,
orúkọ ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè,
torí kò sílé tí a ó wò.

Ìlà kẹta nínú rẹ́jísítà ni “Àdírẹ́sì.”
Láníhùn ní kí n kọ “abẹ́ bíríìjì Mọlété.”
Sàlámì ní “ibi tí òjò bá bá mi.”
Obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ méjèèjì kò bára mu
gba bírò lọ́wọ́ mi,
ó fa ìlà gbọọrọ kan, ó dá bírò padà.
Mi ò pa ìlà náà rẹ́.

Sítọ́ọ̀ kòkó ni ilé yìí tẹ́lẹ̀.
Bí òjò bá ṣú, ògiri a tún máa rùn bí àpò kòkó.
Ogójì ẹní, aṣọ títa kan láàárín ọkùnrin àtobìnrin,
kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta,
tọ́ọ̀ṣì kan tó ń fẹ́ ká gbá a létí kó tó tàn,
àti àṣẹ láti sọ pé, “Ó ti kún.”
Ohun tí wọ́n pè lólórí nìyẹn nígbà tí mo gbaṣẹ́.

Àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ń pè mí ní Baálé.
Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Baálé àwọn aláìnílé!
Ó wá mọ́ wọn lẹ́nu, ó mọ́ mi létí.
Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì.
Ó dáa. Ẹni tí kì í ṣe onílé, tí kì í sì í ṣe àjèjì,
tí wọ́n bí sí Bẹẹrẹ, tí wọ́n lé kúrò ní Bẹẹrẹ,
ta ni yóò gbè é?

Jímọ̀ tó kọjá, Ògùnpa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú,
ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.
Kò kàn án bí onílé, kò kàn án bí olè,
ìka kan ṣoṣo ló fi kàn án,
bí ẹni tí ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ pákó.
“Fátókí lorúkọ mi. Télọ̀ ni mí. Òkè-Àdó ni mò ń gbé
kí bàbá onílé tó kú, káwọn ọmọ rẹ̀ tó tà á.
Mi ò mugbó. Mi ò jalè rí.”
Mi ò tíì bi í ní nǹkan kan.

Ìwé ara ògiri ní ogójì. Èmi náà ni mo fọwọ́ sí i,
lọ́dún tí ikọ́ ẹnìkan di ikọ́ gbogbo iyàrá.
Mo ti ń la ẹnu nígbà tí Sàlámì,
Sàlámì tó ń fẹsẹ̀ wọn ààlà ẹní rẹ̀ lálaalẹ́,
tó ti bá gbogbo wa jà lórí ìwọ̀n ìka kan,
fa ẹní tirẹ̀ mọ́ ti Láníhùn láìsọ̀rọ̀,
ó sì kọjú sógiri.
Èèyàn mẹ́ta, ẹní méjì.
Kì í ṣe èmi tí mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ló ṣílẹ̀kùn.

Ǹ bá fẹ́ kí ìtàn náà parí síbẹ̀.

Aago kan òru, ilẹ̀kùn tún dún.
Ọ̀dọ́kùnrin kan, òjò ti pa á dé egungun.
Mo bèèrè orúkọ. Akínyòóyè. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti igun dé igun,
kò síbi tí iná rẹ̀ bọ́ sí tí kì í ṣe ara èèyàn.
“Ó ti kún.”
Mo fún un ní ọ̀rá tó máa fi borí.
Ó ní, “Ẹ ṣé, sà.”
Ẹ ṣé yẹn ni mi ò rí gbé mì.
Orúkọ rẹ̀ wọlé; òun ò wọlé.

Mo délé nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́.
Mo dùbúlẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì, mo kọjú sógiri bíi Sàlámì.
Àyè tó kù lẹ́yìn mi tó èèyàn méjì.
Ó tutù.