Ẹ̀wà Tí Ìyá Mi Fi Ka Ilẹ̀ Mímì

Ní Kawanohama, létí òkun Izu,
ìyá mi kì í ka ilẹ̀ mímì sórí ìwé.
Abọ́ tánńganran kan ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò;
bí ilé bá ti mì, tí ife bá sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ,
á mú ẹ̀wà pupa kan, á jù ú sí i. Kó!
Ọjọ́ kìíní, mẹ́tàlá.
Ọjọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu abọ́ mọ́;
àwọn àlejò tó wá wẹ omi gbígbóná ti di ẹrù wọn,
wọ́n ti bá ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ.

Èmi, orí òkè ni iṣẹ́ mi wà, láàárín igi ọsàn,
níbi tí ihò tóóró kan ti sọ̀ kalẹ̀ ní igba mítà.
A ki ẹ̀rọ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, a fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta.
Kì í gbọ́ ariwo. Fífà ni ó ń mọ̀:
bí àpáta bá fẹ̀, bó bá sún kì,
kí ó má tilẹ̀ tó ìdá kan irun orí,
á fa ìlà kan fún wa, tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú.

Lóru ọjọ́ kẹta mo gbé ìlà náà wálé.
"Màmá, ẹ wo ibí. Aago méjì òru ló ti ń gòkè.
Ẹ̀wà yín àkọ́kọ́, aago mẹ́rin ni."
Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìwé náà
bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja.
"Ilẹ̀ ti ń wú kó tó ké?"
Bẹ́ẹ̀ ni. Àpáta yíyọ́ ń wá ọ̀nà nísàlẹ̀,
ó ń fèjìká ti ògiri; ògiri ń fà, ó ń fà,
ohun tó bá já nínú rẹ̀ ni ẹ̀ ń jù sínú abọ́.

Baba Inokuma yọjú lẹ́nu ọ̀nà:
ṣé kí òun kó ẹja tí òun sá wọlé?
Mi ò mọ̀. Ìlà kì í sọ ibi tí iná máa gbà yọ.
Bí ilẹ̀ ti fẹ̀ tó nìkan ló ń sọ,
ká fi díwọ̀n iye ìgbà tó kù tí yóò mì.
Ìyá mi ní, "Sọ iye, nígbà náà."
Mo ní lápapọ̀, ó lè tó irinwó.

Ọjọ́ karùn-ún, ìlà tẹ́jú.
Ilẹ̀ ṣì mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ,
lẹ́yìn náà, ife dákẹ́.
A ka ẹ̀wà: òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ó lé kan.
Ìyá mi yẹra fún ojú mi.
"Mo sùn lọ," ó ní, "lóru ọjọ́ kẹrin."

Ó rẹ gbogbo rẹ̀ sómi, ó fi ṣúgà sè é.
Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ ẹ́ ní gbígbóná, Baba Inokuma ń rùn fún ẹja.
Ọ̀kan nínú rẹ̀ kò jinná.
Mo gbọ́ bó ṣe sán láàárín eyín mi.