Igba Ó Lé Kan

Ọjọ́ kejìdínlógún tí mo dé ilé búrẹ́dì Dúrótóyè,
lẹ́yìn ojú irin, ní ọ̀nà Alẹ́kúwodò,
ni òórùn tí mo fẹ́ràn kẹ̀yìn sí mi.
Òórùn búrẹ́dì gbígbóná, aago márùn-ún ìdájí,
tí mo máa ń fà símú bí ẹni ń fa áṣáà,
òun ló gbá mi láyà,
òun ló lé mi dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ń to igi sí.
Mo bì. Mo fi ẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó bí ológbò.

Mo ní ẹ̀wà àná ni.
Mo ní ibà ni.
Mo ní ooru ààrò ni, ó máa tó mọ́ mi lára.
Irọ́ mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́,
kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè.

Ní kẹ́mísì kan ní Ìgbọ̀nà, níbi tí wọn kò ti mọ̀ mí,
mo ra ọ̀pá pẹlẹbẹ kan, ẹgbẹ̀rin náírà,
ọmọdébìnrin náà fi bébà ìròyìn wé e bí ẹni wé àkàrà.
Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí yàrá márùn-ún jọ ń lò ni mo ti ṣe é,
ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé mo sùn síbẹ̀ ni.
Ìlà kan yọ. Mo mí.
Ìlà kejì yọ, fẹ́ẹ́rẹ́,
bí àlejò tó ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà tí kò tíì ké àgò.

Ọdún mẹ́rin.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ọmọ, ni mo fi wá iṣẹ́.
Mo tẹ́ ẹní, kò sẹ́ni tó wá. Mo ká a, mo gbé e sórí àjà.
Àṣé ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀,
wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pọ̀,
wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹní kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe oṣù mẹ́fà ìdánwò tí wọ́n kọ sínú ìwé,
kì í ṣe Fátímọ́ tó jókòó sórí àga yìí ṣáájú mi,
tí wọ́n ní kó lọ sinmi, tí ìsinmi náà kò lópin.
Ìbéèrè tí Ọ̀gá bi mí lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ iṣẹ́ ni:
"Ṣé kò sí ọmọ lọ́nà?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá, sà. Kò sí nǹkan kan."
Mo ti fi ìka ka ọjọ́ padà sẹ́yìn.
Ó ti wà níbẹ̀.
Kò tó hóró ọkà bàbà,
ṣùgbọ́n ó bá mi jókòó lórí àga onígi yẹn,
ó gbọ́ tí mo ní kò sí.

N kò tíì sọ fún Làmídì.
Bí mo bá sọ, yóò pariwo, ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ ní Òkè-Baálẹ̀,
yóò ní kí n jókòó sílé.
Ayọ̀ wọn yóò kún ilé débi pé
ẹ̀rù tèmi kò ní rí igun kan lóṣòó sí.

Sẹ̀kí tó ń po fulawà ló kàn ju ọsàn wẹ́wẹ́ kan sápò mi.
"Máa fi èékánná ha èèpo rẹ̀, kó o máa gbóòórùn rẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é nínú ooru yìí.
Oyún àti èéfín, kò séyìí tó ṣeé fọwọ́ bò,
àmọ́ afẹ́fẹ́ lè bá èèyàn gbé èéfín gba ẹ̀yìn fúngbà díẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ mo ka búrẹ́dì tí yóò bá ọkọ̀ lọ sí Ìkirun.
Igba ni wọ́n dì. Mo kọ igba ó lé kan.
Ọ̀gá gbé ìwé náà súnmọ́ ojú,
ó wò mí láti òkè awò rẹ̀:
"Ẹyọ kan tó lé yìí, ti ta ni?"
Mo fi èékánná tẹ ọsàn inú àpò mi.
Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sọ pé rárá.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún un kà, sà."