Àmì Èédú Lára Ògiri

Ní Toconao, òjò lè ṣe ọdún mẹ́ta kó má yà wá kí.
Gbogbo òru ni ọ̀run ń sùn láìdaṣọ bora.
Eduvina àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá,
yọ èédú nínú ààrò, ó lọ dúró ti ògiri òkúta funfun,
ó lóun fẹ́ mọ àwọn ìràwọ̀ tí kì í gbélé.
Mo bú sẹ́rìn-ín: "Ìràwọ̀ wo ló ní ẹsẹ̀?"
"Èyí tó bá ń ṣẹ́jú, onílé ni.
Èyí tó ranjú mọ́ ọ gan-an, àlejò ni.
Àlejò ò ní pẹ́ dìde."

Oṣù Ṣẹẹrẹ. Mo rí ìmọ́lẹ̀ kan lókè pápá iyọ̀ ní ìrọ̀lẹ́,
mo sáré pe màmá pé ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀.
Àgùàlà ni.
Máàsì pọ́n lápá àríwá bí ẹyín iná tí wọ́n gbàgbé,
Júpítà wà nítòsí rẹ̀, ó rọra ń tàn,
bí olówó tí kò sẹ́ni tó ń lé e.
Eduvina fa àmì mẹ́ta. Kò wo ojú mi.

Nígbà tó máa fi di ìparí Ẹrẹ́nà, Àgùàlà ti di àwátì.
Ó máa ń tẹ̀lé òṣùpá bí ajá,
ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni, a ò lè súfèé pè é.
Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọwọ́ tútù kan tó jí mi:
"Dìde. Ó ti gba ẹ̀yìnkùlé yọ."
Lóòótọ́, lórí àwọn òkè ìlà-oòrùn,
níbi tí Láscar ti ń rú èéfín lọ́wọ́ ọ̀tún wa,
ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti di ìràwọ̀ òwúrọ̀.
Àwọn lámà ń jẹ àpọ̀jẹ, wọn ò bìkítà.

Agẹmọ: omi dì nínú garawa.
Mẹ́kúrì, hóró ọkà kan ṣoṣo,
kí n tó nu ojú mi tán, ó ti wọlẹ̀ lọ.
Nínú oṣù Ògún, ní ìdájí, Júpítà àti Àgùàlà sún mọ́ra
débi pé ọmọ-ìka mi kékeré bo àwọn méjèèjì.
Sátọ̀nù ló bá mi ṣọ́ ẹran ní Ọwẹ́wẹ̀
láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́,
ó rí rẹ́súrẹ́sú bí ọ̀rá tó dì.

Ọdún Lúùkù Mímọ́ ku ọ̀la. Bàbá wa Anselmo
gbé omi garawa méjì àti kànìnkàn,
ó fọ ògiri náà mọ́ nítorí àlejò.
Oṣù mẹ́sàn-án ṣàn dúdú lọ sídìí àjàrà.

Eduvina ò sunkún. Ó kàn dúró.
Lálẹ́, èmi tí mo rẹ́rìn-ín ni mo lọ ṣa èédú wá:
"Níbo lo kọ Sátọ̀nù sí lánàá?"
Ó fi hàn mí. Mo fà á. Ó ní ó wọ́.
Bàbá gbé àpótí síta, ó jókòó, ó ń fọwọ́ rún fìlà rẹ̀.
Nígbà tó ṣe, ó na ìka sí ọ̀nà pápá iyọ̀:
"Èyí ńkọ́? Èyí ò ṣẹ́jú rárá."
"Bàbá," ni Eduvina wí,
"iná ilé-iṣẹ́ iyọ̀ nìyẹn."