Kàn Án Lẹ́ẹ̀mẹta

Àárọ̀ Ọjọ́rú, kí èéfín Dàda tó bo òrùlé,
mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí àpótí ìyá mi kékeré,
mo ní kí n ka àlejò mi bí mo ti máa ń kà wọ́n:
irínwó lójúmọ́ ni wọ́n lọ́dún tó kọjá,
àwọn kan láti Ọ̀ffà, àwọn kan láti Kánádà,
ẹnìkan ṣoṣo láti Ìlá tó máa ń ka ojú ìwé kan náà lóru.
Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo bá.
Mo nu ojú gíláàsì.
Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.
Mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ohun tí mo kọ
nípa ìkòkò tí Sàádátù ń mọ:
amọ̀ tó dára àti amọ̀ tó ń tanni,
bí a ti ń se omi èèrí nínú ìkòkò tuntun,
bí a ti ń fi òrùka kàn án létí
ká lè gbọ́ bóyá ó ti sán nínú.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ohun tí aṣàwárí ń fẹ́:
kí àkọlé kúrú, kí àwòrán má wúwo,
kí ìdáhùn wà ní ìlà kìíní
bí ẹní gbé ẹran sókè ọbẹ̀ kí àlejò lè tètè rí i.

Èmi kò yà lọ́nà. Ọ̀nà ló yà lẹ́sẹ̀ mi.
Tẹ́lẹ̀, bí o bá bi í, á to ilé wa sílẹ̀ ní mẹ́wàá,
á na ìka bí ọmọ tí a bi léèrè ní ìkóríta.
Ní báyìí ó ti gbé àpótí síwájú, ó jókòó lé e,
òun fúnra rẹ̀ ló ń fèsì.
Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.
Ta ni yóò rìn dé ibẹ̀ nígbà tó ti yó lẹ́nu ọ̀nà?

Lọ́dún tí wọ́n gbé ibùdókọ̀ Àjàṣẹ́ kọjá afárá,
àgbàdo sísè ìyá mi ṣì dùn.
Dídùn rẹ̀ kò dá ọkọ̀ kankan dúró.
Ó kígbe sí títì tó ṣófo fún oṣù kan
kó tó gbé igbá rù, kó kọjá afárá.
Èmi, afárá wo ni n ó gbà?
Wàsíù ní Tánkẹ̀, tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun,
ní kí n máa kọ ọ́ ní gé-gé kí àpótí lè tètè já a.
Mo ní: kí n roko tán, kí n tún kọ́ ewúrẹ́ bí yóò ṣe jẹ ẹ́?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, obìnrin kan wa ọkọ̀ wá láti Òmù-Àrán.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi òrùka kan ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta,
ó tẹ́tí, ó tún kan òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta.
Sàádátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.
“Ta ló kọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta?”
“Fóònù ni, ìyá.”
Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú:
“Ẹ̀ẹ̀mejì ni! Ẹ̀kẹta ló ń fọ́ ọ.”

Mo wolẹ̀.
Èmi ni mo kọ ẹ̀ẹ̀mẹta, lóru ọjọ́ tí kò síná,
ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mi ò sì padà wò ó.
Àpótí ti gba àṣìṣe mi, ó sọ ọ́ di òfin,
orúkọ mi nìkan ni kò gbà.

Ó ra mẹ́rin. Mo bá a gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀.

Lálẹ́, mo pa ẹ̀ẹ̀mẹta rẹ́, mo kọ ẹ̀ẹ̀mejì.
Mi ò mọ ọjọ́ tí àpótí yóò gbọ́.
Mo kọ nọ́ńbà Sàádátù sísàlẹ̀, mo fi kún un pé:
bí o bá dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, máa tẹ̀ lé òórùn èéfín.
Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lónìí.
Ará Ìlá ṣì wà nínú wọn.