Ilé Wo?

Aago méjì òru kọjá díẹ̀, ọyẹ́ ń họ ojú fèrèsé.
Fóònù ké lórí tábìlì wa ní ọ́fíìsì panápaná.
"Níbo lẹ wà?"
Ohùn ọmọdé ní, "A wà nílé."
"Ilé wo?"
"Ilé wa."

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í fi nọ́ńbà mọ ilé.
Mo ní, "Jọ̀ọ́, kí lo máa ń rí tí o bá yọjú síta?"
Ó wúkọ́. Ó ní igi kajú,
èyí tí wọ́n gé léṣìí.

Igi tí kò sí mọ́!
Ṣùgbọ́n mo ti fi kẹ̀kẹ́ kọlù ú rí lọ́mọdé.
"Oyèwùsì! Òkè-Àdó, lẹ́yìn kùkùté kajú!"
Kò tíì ki ẹsẹ̀ kejì bọ bàtà
tí ọkọ̀ pupa ti bú ramúramù.

Èmi ò lè kúrò. Ohùn niṣẹ́ tèmi.
"Fa àbúrò rẹ mọ́ra. Ẹ máa rákòrò, òkè ni èéfín ń gbé.
Fọwọ́ tọ ògiri, máa ka ení, èjì sí mi létí."
Ó ka mẹ́rìnlá.
Ó tún ka mẹ́rìnlá.
Ó dákẹ́.

Mo di fóònù yẹn mú
bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú lójú títì.

Ohùn Oyèwùsì ló padà wọlé, ó ń mí hẹlẹ:
"Àwọn méjèèjì rèé. Ìyá àgbà jóná lápá,
ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti gbé e."

Ilẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé:
àdírẹ́sì, igi kajú tí kò sí mọ́.
Ọ̀gá fi gègé pupa yí i po,
ó ní báwo lẹ ṣe wá débẹ̀?
Mo ká ṣòkòtò sókè, mo fi orúnkún hàn án.