Èèkàn Pupa

Èèkàn mẹ́tàlá ni wọ́n kàn mọ́ oko kajú baba mi,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí wọn
bí ẹni ń kun èékánná ìyàwó.
Ọjọ́rú ni. Òjò ìdájí ò tí ì dá.
Sọ̀féyọ̀ wọ bàtà rọ́bà, ó ní:
"Baba, ojúnà bààlúù ń gùn sí i ni.
Ẹ má bínú. Mítà ẹgbẹ̀rin péré ló kù."

Péré.
Baba mi, Bùràímọ̀ Àtàndá, ò mọ mítà.
Ohun tó mọ̀ ni pé láti ìdí kajú àkọ́kọ́ títí dé odò,
sìgá kan á ti jó tán lẹ́nu òun.
Ó wo èèkàn, ó wo òkè.
"Ẹyẹ tó fẹ́ bà, ṣé ó ń kọ́kọ́ wọn ẹ̀ka ni?"
Sọ̀féyọ̀ ká okùn rẹ̀, kò fèsì.

Ní Òṣogbo, ọjọ́ ti pẹ́ tí bààlúù ti ń bọ̀.
Ó ń bọ̀ nígbà tí mo ń gbé omi gun Òkè-Baálẹ̀,
ó ń bọ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Òkè-Fìà,
mo bí àkọ́bí, mo bí ìbejì,
ó ṣì ń bọ̀.

Wọ́n ní fáìlì owó gbà-má-bínú wà ní Àbújá.
Agogo mẹ́rin ìdájí ni mo wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn
kí n tó lè fò.
Ọmọbìnrin kan, Ráfíátù lorúkọ tó wà láyà rẹ̀,
já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi.
Mo kà á bí mo ṣe ń ka ìwọ̀n oníbàárà:
owó àga, owó ìlò pápá, owó ààbò, owó orí ọjà,
àti ọ̀kan nísàlẹ̀ tó ń jẹ́ ìdàgbàsókè.
"Kí lèyí ń dàgbà, àǹtí?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ojúnà ni, mà. Wọ́n fẹ́ kó gùn káàkiri."

Ìka mi dúró sórí òǹkà náà.
Ṣé èmi ni mo ra èèkàn?
Ṣé èmi ni mo ra ọ̀dà pupa?

Ìdajì àga ló ṣófo.
Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi, akọ̀wé owó ni nílé iṣẹ́ bààlúù náà,
Ṣíjúwadé ló pe ara rẹ̀, oorun ò kun ojú rẹ̀.
Ó ní: a balẹ̀, owó. A sùn mọ́jú, owó.
A tan iná kí èrò má baà ṣubú, owó.
Mẹ́ta ni bààlúù wa, méjì ló kù,
ìkẹta wà lọ́wọ́ olówó èlé.
Bí ojúnà bá gùn, wọ́n á ní ká mú èyí tó tóbi wá,
bó bá tóbi, owó ìbàlẹ̀ á tóbi,
ta la ó wá bù ú lé?
Ó wo orí mi bí ẹni ń wá ibi tí ẹrù á gbé jókòó.
"Ẹni tó ń gbowó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò," ló wí,
"yàrá òfìfo ni yóò máa gbá."

Mo fi iwájú orí ti gíláàsì.
Mo rí Ọ̀ṣun tó lọ́ bí téèpù ọrùn mi.
Mo wá kajú, mo wá pupa,
mi ò rí nǹkan kan.
Láti òkè, ilẹ̀ ò ní onílẹ̀.

Ní Àbújá, wọ́n ní fáìlì ti padà sí Òṣogbo.

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí mo bá baba mi lóko.
Ó ti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn keje.
"Ẹran la fi ń so," ló wí. "Kí ló tún wúlò fún?"
Ó bi mí iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, àlọ àti àbọ̀.
Mo sọ ọ́.
Kò pariwo. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀:
àpò kajú mọ́kànlá.
Ewúrẹ́ ń yí èèkàn po,
ó ń yí i po,
títí okùn fi tán.